Ọ̀rẹ́ mi nínú jámáà fẹ́ kí n dúró fún òun, gbèsè àkọ́kọ́ ò sì tíì tán

Ìbéèrè: Jámáà (ìjọ Mùsùlùmí) kan tó le lórí súnà, ìyẹn ìlànà Ànábì, ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà ní Èkó. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a jọ ń ṣe àsáláátù. Mo yá a ní ₦400,000 ní oṣù 14 sẹ́yìn. A ò kọ ìwé, a ò dá ọjọ́. ₦90,000 ló ti san. Ní báyìí ó fẹ́ gba ọjà ₦1,500,000 láwìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jámáà wa, ó ní kí n wá ṣe onídùúró fún òun. Owó mi tó wà nínú alájẹṣẹ́kù náà, tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi wà lára rẹ̀, jẹ́ ₦620,000, gbogbo ohun tí mo ní láyé kò sì ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ọkọ mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo fi tó ìyá àsáláátù wa létí, wọ́n ní mùmíní kì í torí owó bá ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀sìn fa ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọ̀, wọn ó máa wò mí bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tó. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìdúró yẹn. Mo fi èyí ṣáájú kí ó má baà sọnù sínú ọ̀rọ̀ gígùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ohun kan nínú àlàyé yín tó fi hàn pé ènìyàn búburú ni ọ̀rẹ́ yín. Àmọ́ gbèsè tí kò ní ìwé, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ẹlẹ́rìí, ó máa ń sọ ọmọlúàbí di ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde ní mọ́sáláásí kí ojú má baà ko ojú. Ibi tí ọ̀ràn yín ń lọ nìyẹn, ó sì ṣì ṣeé tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìyá àsáláátù ló dè yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú gbogbo Àlùkùránì, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé lórí: Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 282. Àwọn onígbàgbọ́ gan-an ni ẹsẹ náà bá wí. Ó ní bí ẹ bá bá ara yín ṣe gbèsè di ọjọ́ kan tí ẹ dá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ láìṣègbè. Ẹni tó jẹ gbèsè ni kí ó pe ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ, kí ó má sì dín ohunkóhun kù nínú rẹ̀. Kí ọkùnrin méjì ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Bí wọ́n bá pe ẹlẹ́rìí, kí ó má kọ̀. Kí kíkọ ọ́ má sì sú yín, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ gbà pé ìmọ̀ràn tó lágbára ni èyí, wọn ò sọ pé ẹni tí kò kọ ọ́ ti dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí onímọ̀ kan tó máa sọ pé kíkọ ọ́ ń bu ìgbàgbọ́ kù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé gbèsè láàárín ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn fi hàn pé ẹ ò fọkàn tán ara yín, ẹ ka ẹsẹ yẹn sí i létí pẹ̀lú sùúrù.

Sùúrù tí ìyá àsáláátù ń pè yín sí wà nínú súúrà kan náà, ní ẹsẹ 280: bí ajigbèsè bá wà nínú ìnira, ẹ fún un láyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí ẹ bá sì fi ta á lọ́rẹ, ó dára jù fún yín. Ẹ wo ẹni tí ẹsẹ náà ń bá sọ̀rọ̀. Olówó ni. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ láti fún un láyè tàbí láti dárí rẹ̀ jì í. Ìyá àsáláátù lè gbà yín níyànjú, wọ́n lè bá yín bẹ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi owó yín ṣe sàráà fún yín. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ nínú hàdíìsì (ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbà wá) tó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim: kí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ máa fi gbèsè falẹ̀, àbòsí ni. Ìyẹn ni pé ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ̀rẹ́ yín: ṣé kò rí san ni, àbí ó rí i, kò kàn sí ọjọ́ tó ń lé e? Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tí kò rí san, àyè la fún un. Ẹni tó rí san, ọjọ́ la dá fún un.

Mo fura pé ti ọ̀rẹ́ yín súnmọ́ èkejì. Owó tí a yá láìdá ọjọ́, ọkàn ẹni tó yá a kì í kà á sí gbèsè tó ń jó. Owó iná dé, owó ilé-ìwé dé, owó àjọ dé, gbogbo wọn ló ní ọjọ́, tiyín nìkan ni kò ní. Tiyín ló máa ń gbẹ̀yìn.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àkọsílẹ̀ báńkì yín jáde láti oṣù tí ẹ fi owó náà ránṣẹ́ títí di òní. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ₦400,000 tó jáde àti ìgbà kọ̀ọ̀kan tí nǹkan wọlé padà. Bí èyí kan bá wà tó fún yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe rántí rẹ̀. Ó dára kí ẹ rí i pé ₦90,000 pé kí ẹ tó lanu, nítorí bí ẹ bá sọ ₦80,000 tí òun sì rántí ₦90,000, ìjà ti dé nìyẹn, ẹ̀yin sì ni alábòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, òun nìkan, ẹ má fi sí ojúde ẹgbẹ́ àsáláátù lórí WhatsApp:

“Àsàlámù àlékùm, arábìnrin mi. Mo ṣe ìṣirò owó tó wà láàárín wa. ₦400,000 ni mo fi ránṣẹ́, ₦90,000 ti padà dé, ó ku ₦310,000. Ṣé bó ṣe wà lọ́dọ̀ tiyín náà nìyẹn? Mo fẹ́ ká jókòó lọ́jọ́ Sátidé ká dá ọjọ́ sí i, kí ọkàn àwa méjèèjì lè balẹ̀.”

Ẹ dúró gba èsì. “Bẹ́ẹ̀ ni” kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ ti sọ gbèsè tí kò ní ìwé di èyí tó ní àkọsílẹ̀, nítorí pé òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé ní ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ẹ ń lọ sílé-ẹjọ́. Ó túmọ̀ sí pé bí ọ̀kan nínú yín bá kú lọ́la, àwọn ọmọ ò ní máa pe ara wọn ní òpùrọ́.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá jókòó, ẹ bi í ní iye tó lè yọ lóṣù láìpa ilé lára, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dá iye náà. Iye kékeré tó ń wọlé lóṣooṣù sàn ju iye ńlá tí yóò já ní oṣù kẹta. Bí ó bá ní ₦15,500 ni agbára òun ká, oṣù 20 ni yóò gbà. Ó gùn, ṣùgbọ́n ẹ gbà á. Kí ọjọ́ ìsan jẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà tí owó máa ń wọlé fún un, kì í ṣe ọjọ́ tó wù yín. Kí òun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé náà, bí ẹsẹ 282 ṣe wí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ:

“Èmi, (orúkọ), gbà pé mo jẹ (orúkọ) ní ₦310,000, èyí tó kù nínú ₦400,000 tí mo yá ní ọjọ́ báyìí. Èmi yóò máa san ₦15,500 sínú àpò báńkì rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù 20, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù báyìí. Kò sí èlé, kò sí owó ìtanràn lórí rẹ̀. Bí ìnira bá dé, èmi yóò sọ kí ọjọ́ tó pé, a ó sì kọ ọjọ́ tuntun sẹ́yìn ìwé yìí.”

Kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Kí ẹlẹ́rìí kan wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ẹnu wọn dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó bá ẹsẹ náà mu délẹ̀, kí wọ́n pé iye tí ẹsẹ náà dá. Ìwé náà jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí tó dàgbà jù.

Àwọn ibi tí àwọn olùfọkànsìn ti máa ń ṣubú níhìn-ín pọ̀. Owó ìtanràn fún ìdádúró, ribà (èlé tí ẹ̀sìn kọ̀) ni, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀bùn náà ńkọ́? Bí ọ̀rẹ́ yín kò bá máa gbé adìyẹ tàbí aṣọ wá fún yín kí gbèsè tó wà, ẹ má gbà á nísinsìnyí. Abdullahi ọmọ Salaam, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà (àwọn tó bá Ànábì gbé), kìlọ̀ pé bí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè bá ta ọ́ lọ́rẹ ẹrù koríko lásán, má gbà á, nítorí ribà ni. Inú Bukhari ló wà. Bákan náà ni kí ẹ má ra ọjà rẹ̀ ní iye tó dín sí ti àwọn oníbàárà yòókù nítorí pé ó jẹ yín. Ọ̀rọ̀ owó náírà tó ti rọ̀ náà ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí ₦400,000 ọjọ́ náà ra ohun tí ₦400,000 òní ò lè rà. Síbẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ ni pé iye tí a yá ni a ó gbà padà. Ẹni tí èyí bá ń bà lẹ́rù, kí ó yá ènìyàn ní wúrà gan-an, kí ó sì gba ìwọ̀n wúrà kan náà padà, àmọ́ wúrà náà ni kí ó gbé sí i lọ́wọ́, kì í ṣe kí ó fún un ní náírà kí ó wá máa ka gíráàmù. Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má sọ pé ẹ ti fi ₦310,000 náà yọ sàká (ọrẹ ọ̀ranyàn). Bí ẹ bá fẹ́ dárí rẹ̀ jì, ẹ dárí rẹ̀ jì, sàráà ni, èrè rẹ̀ sì pọ̀. Sàká ní ti rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí, èrò ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀, tí àwọn Màlíkì (ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òye òfin ẹ̀sìn) wà lára wọn, sì ni pé pípa gbèsè rẹ́ lásán kò dúró fún un.

Bí ó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò rí san, ẹ padà tọ ìyá àsáláátù lọ. Nínú irú ènìyàn 8 tí Súúrà At-Tawbah, ẹsẹ 60, ní kí a fún ní sàká, àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà níbẹ̀. Bí jámáà yín bá ń gba sàká jọ, ìyẹn ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni tí ohun ìní rẹ̀ tó iye wúrà gíráàmù 85 fún odidi ọdún, a jẹ́ pé owó wà tó yẹ kí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bẹ ìyá àsáláátù pé kí wọ́n gbé orúkọ ọ̀rẹ́ yín lọ síwájú ìgbìmọ̀ náà, ní ìkọ̀kọ̀. Àánú tí wọ́n ń bẹ̀ yín fún, jámáà lè bá yín gbé nínú rẹ̀.

Ó wá kan ìdúró. Ìdúró wúwo nínú ẹ̀sìn ju bí a ṣe ń mú un lọ. Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì kí ó kírun sí i lára. Ó bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè, wọ́n ní dínárì 3. Ó ní kí wọ́n lọ kírun sí ọ̀rẹ́ wọn lára fúnra wọn. Àfìgbà tí Abu Qatada sọ pé gbèsè náà di ti òun ni Ànábì tó kírun sí i. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Abu Qatada sọ: gbèsè náà di tirẹ̀. Ohun tí onídùúró ń sọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú wa, bí ẹ̀rí ìwà rere ni ìbuwọ́lù náà ṣe rí. Àwọn ará ìjọ Kírísítì tó bá ń ka èyí ní irú ìkìlọ̀ kan náà nínú ìwé Òwe, orí 6, níbi tí Bíbélì ti pe onídùúró ní onígbọ̀wọ́, tó sì ní kí ẹni tó ti ṣe é má sùn títí yóò fi yọ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní alájẹṣẹ́kù fi èrè ₦225,000 lé ọjà náà, tí ó sì fún un ní oṣù 12. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦1,725,000, ìyẹn ₦143,750 lóṣù. Ẹni kan náà yìí ló san ₦90,000 fún yín ní oṣù 14, tí kò tó ₦6,500 lóṣù. Ká ní ó sanwó oṣù mẹ́rin, ₦575,000, tí ọjà wá dákẹ́. Ó ku ₦1,150,000. Bí owó ìpamọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ₦300,000, wọn yóò kọ́kọ́ mú ìyẹn, yóò ku ₦850,000. Lẹ́yìn náà, owó onídùúró. ₦620,000 yín yóò lọ tán, ₦230,000 yóò sì ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ má gbọ́kàn lé onídùúró kejì. Púpọ̀ nínú fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ló kọ ọ́ pé àwọn onídùúró yóò san án lápapọ̀ àti lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn ni pé alájẹṣẹ́kù lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rọrùn láti mú, kí ẹni náà tó máa wá ẹnìkejì rẹ̀ kiri. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló tún máa ń dí owó onídùúró mọ́lẹ̀ títí gbèsè náà yóò fi tán, nítorí náà, kódà bí ọ̀rẹ́ yín bá san án dáadáa, ẹ lè má rí owó ilé-ìwé ọmọ yọ fún odidi ọdún kan.

Ní ti ọkọ yín. Ní ọ̀nà òye Màlíkì, tí ó gbilẹ̀ jù ní ilẹ̀ wa láti ìgbà àwọn àfáà àtijọ́, aya tó ní ọkọ kò lè fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ bí ọkọ kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n sì ka ìdúró mọ́ irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́ta mílíọ̀nù 2 kò pé ₦667,000. Ìdúró ₦1,725,000 ti fò ó kọjá. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà òye yòókù gbà pé owó obìnrin, tirẹ̀ ni, ó lè ṣe é bó ṣe fẹ́; òfin ìjọba náà kò sì bèèrè ìbuwọ́lù ọkọ. Ẹ lè tẹ̀ lé èyí tí jámáà yín bá ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ohun tó lè kó owó ilé-ìwé ọmọ lọ, mo rò pé bàbá ọmọ yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé alájẹṣẹ́kù. Ẹ sọ ti ₦400,000 náà fún un ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ara tù yín, pẹ̀lú ìwé tí ẹ ti tẹ̀ láti báńkì àti ètò ìsan tí ẹ ti dá.

Ọjà fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀. Alájẹṣẹ́kù tí kì í gba ribà, muràbáhà ni wọ́n sábà máa ń ṣe: ẹgbẹ́ á ra ọjà, ọjà á di tirẹ̀, yóò wá tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tó fi èrè lé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí ẹgbẹ́ kò bá ra ohunkóhun, tí wọ́n kàn gba rìsíìtì láti ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì ka owó sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, owó ni wọ́n yá a, èrè tí wọ́n sì fi lé e, ribà ni, bí orúkọ rẹ̀ ti wù kó jẹ́ lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín: ọjà wo ni? Ta ló ń tà á? Ta ni yóò lọ gbé e? Bí ìdáhùn bá ń yí, tí ó sì jọ pé owó ló nílò láti fi pa gbèsè mìíràn, ó yẹ kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n báyìí. A máa ń sọ pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà. Ẹni tó ń fi ẹgbàafà san ẹgbẹ̀fà, igbó ló ń wọ̀ lọ.

Báwo lẹ ó ṣe kọ̀ láìba ọ̀rẹ́ jẹ́? Ẹ má parọ́ mọ́ ọkọ yín, ẹ má sì sọ pé ẹ ń ronú lọ́wọ́ títí ọjọ́ ìpàdé yóò fi dé. Ẹ sọ ọ́ kíákíá, kí ó lè wá ẹlòmíràn:

“Arábìnrin mi, mi ò ní lè dúró fún ₦1,500,000. Bí ó bá já, mi ò ní ohun tí mo máa fi san án, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni wọn yóò mú. Ohun tí mo lè ṣe rèé.”

Kí “ohun tí mo lè ṣe” jẹ́ ohun gidi. Ó lè jẹ́ ìdúró kékeré tó ní òpin: kí ẹ dúró fún ọjà ₦300,000 tí yóò kọ́kọ́ tà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìdúró yín kò kọjá ₦150,000, tí yóò sì parí ní ọjọ́ báyìí. Bí akọ̀wé bá ní fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún irú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ lọ́wọ́ sísàlẹ̀, kí alága buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ̀yin náà kọ̀. Bí ó bá ta ₦300,000 náà, tí ó sì san án pé, alájẹṣẹ́kù yóò ti rí ìwà rẹ̀, kò tún ní nílò yín tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sì lè jẹ́ mudàrábà, bí ẹ bá ní owó tí pípàdánù rẹ̀ kò ní pa yín: ẹ mú owó wá, òun mú iṣẹ́ wá, ẹ pín èrè bí ẹ ti dá a, bí 60 sí 40. Bí òwò bá fọ́ láìsí àìbìkítà tàbí ẹ̀tàn lọ́wọ́ rẹ̀, owó yín ló lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló lọ. Kí ẹ má dá iye kan pàtó tí yóò máa fún yín lóṣooṣù. Ó ti di ribà nìyẹn. Mudàrábà nílò ìwé ọjà tí ẹ̀yin méjèèjì ń yẹ̀ wò lóṣooṣù, ẹni tí kò bá lè kọ tità àti rírà sílẹ̀, ẹ má bá a ṣe é.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, mi ò fojú kéré rẹ̀. Nínú jámáà tó dì mọ́ra, ọ̀rẹ́, oníbàárà, olùkọ́ ọmọ, ẹni tó ń dáná níbi ìsìnkú àti ẹni tó ń fini jọba nínú ẹgbẹ́, ènìyàn kan náà ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí owó fi ń rọrùn láti rí níbẹ̀, ìdí náà sì nìyẹn tí kíkọ̀ fi ń náni lówó. Àmọ́ ẹ wo bí ìgbà àwọn sàhábà ṣe rí. Nígbà tí Ànábì so Abdurrahman ọmọ Awf pọ̀ mọ́ Sa'd ọmọ Rabi' ní Mẹ̀dínà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá, Sa'd ní òun yóò pín gbogbo ohun ìní òun sí méjì fún un. Abdurrahman ṣàdúrà fún un, ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun. Ó lọ sí ọjà Banu Qaynuqa, ó ń ta òrí màlúù àti wàrà gbígbẹ. Sa'd lawọ́, Abdurrahman kò di ẹrù rẹ̀ rù ú, àwọn méjèèjì sì jẹ́ àpẹẹrẹ fún wa títí di òní. Ohun tí ẹ lè ṣe ní ti yín ni pé kí ẹ ní òfin tí ẹ ti sọ síta kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè: “Mi ò kì í dúró fún ohun tó ju ₦150,000, ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà.” Òfin tó ti wà nílẹ̀ kì í jọ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ tún yọ owó ilé-ìwé kúrò nínú alájẹṣẹ́kù tí ẹ ti ń ṣe onídùúró, ẹ gbé e sí ibòmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ámíìrì (olórí jámáà) kan náà ni alága alájẹṣẹ́kù, tí ó tún jẹ́ ẹbí ọ̀kan nínú yín, kí ó má ṣe jẹ́ òun ni yóò dá ẹjọ́ yín. Kí ó fúnra rẹ̀ yan àfáà mìíràn.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá wá sẹ́ gbèsè náà, tàbí tí ó kọ̀ láti jókòó, sísọ ọ́ fún ẹni tó lè bá yín gbà á kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó ń wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ yọ sílẹ̀ nínú ìdájọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìlàjà nínú jámáà ló kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Èkó ní ilé ìlàjà aráàlú tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ẹjọ́ gbèsè kéékèèké náà wà ní Èkó láti ọdún 2018, fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ: ìwé ìbéèrè owó ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ lè rò ó fúnra yín láìgba lọ́yà, ètò rẹ̀ sì ni kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Ẹ má gbé ọlọ́pàá tì í. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán, ìtìjú rẹ̀ ò sì ní tán láàárín yín títí ayé. Dídógò ti ajigbèsè nílé, bí ayé àtijọ́ ti ń ṣe, ìyẹn náà ti kọjá. Ọdún 6 ni òfin Èkó fún olówó láti pe ẹjọ́ irú gbèsè yìí, nítorí náà ìkánjú kò sí.

Ní ọjọ́ tí owó tó kẹ́yìn bá wọlé, ẹ pe àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì. Ẹ kọ “a ti san án tán” pẹ̀lú ọjọ́ sára ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí gbogbo yín tún buwọ́ lù ú. Ẹ má kàn fà á ya. Gbèsè ni wọ́n ń san kúrò nínú ohun ìní òkú kí àwọn ọmọ tó pín ogún, bí Súúrà An-Nisa, ẹsẹ 11, ṣe là á kalẹ̀, ìwé kan tí kò ní àmì ìsantán tí wọ́n bá rí nínú àpótí lẹ́yìn ogún ọdún lè mú kí àwọn ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ohun tí ìyá wọn ti san.